Kólòlò Tó Sùn fún Ọdún Méjìléláàádọ́ta

Nígbà tí ọwọ́ ọ̀tún Zulmira kọ́kọ́ gbọ̀n, ó pè é ní òtútù. Oṣù kẹfà ni, afẹ́fẹ́ gúúsù ń gba orí òkun wọ Sambaqui, abúlé apẹja tí òtútù ti máa ń mú lásìkò yẹn, kò sì sẹ́ni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tutù. Ó jókòó ti ìrọ̀rí tó ń hun léèsì lé lórí, ó ń ju igi òwú, igi kéékèèké tí wọ́n ká òwú mọ́, láti ọ̀tún sí òsì bó ṣe ń ṣe é láti ọmọ ọdún méje, ni ọ̀kan bá yọ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mú un. Ó tún bọ́. Ó ki ọwọ́ náà bọ abẹ́ itan, ó jókòó lé e bí ẹni tó jókòó lé adìyẹ tó fẹ́ sá lọ, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni nígbà náà. Altino ọkọ rẹ̀, apẹja, ti kú. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, Rosângela, ń ṣe tíṣà ní òdìkejì afárá tó so erékùṣù wọn mọ́ ilẹ̀. Ohun méjì ni wọ́n mọ Zulmira mọ́ ní etí òkun yẹn. Èkíní ni ọwọ́ rẹ̀: léèsì tó bá hun, ẹ gbé e sókè sí oòrùn, ẹ ò ní rí àṣìṣe kan nínú ẹ̀. Èkejì ni ẹnu rẹ̀. Bí ọwọ́ yẹn ṣe yá tó, ẹnu tún yá jù ú lọ. Òun ló máa ń ròyìn ẹni tó bímọ, ẹni tó kọ ọkọ, ọkọ̀ ojú omi tó dé àti èyí tó pẹ́. Bí ìjà bá sì bẹ́ sílẹ̀ níbi tí wọ́n tò sí láti ra ẹja, òun ni wọ́n ń sáré pè, torí kò sí oníjàngbọ̀n tí kò lè fi ọ̀rọ̀ há mọ́ ògiri.

Òtútù lọ, ọwọ́ kò dáwọ́ dúró. Dókítà ní àrùn Pákínsìn ni. Oògùn ṣiṣẹ́ fún ọdún mélòó kan, lẹ́yìn náà ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í dà á: wákàtí méjì ara á le gan-an bí igi, wákàtí kan ara á máa lọ́ bí ẹja inú àwọ̀n. Lọ́jọ́ tí kò lè fi píìnì kan gún ìrọ̀rí láìgún ara rẹ̀, ó da aṣọ bo ìrọ̀rí náà, ó gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì kẹ̀yìn sí i bí ẹni tó ti ibi ìsìnkú bọ̀.

Rosângela ló mú ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ wá.

"Màmá, wọ́n á lu ihò kékeré méjì sí yín lórí, wọ́n á ti wáyà bọ inú ọpọlọ, wọ́n á sì fi bátìrì sábẹ́ awọ àyà yín. Iná á máa gbà á kọjá. Ọwọ́ yín á dúró."

Nésia, ẹ̀gbọ́n Zulmira, wà níbẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ju àbúrò rẹ̀ lọ, kò sì sí ọ̀rọ̀ tó ń ṣẹlẹ̀ lójú rẹ̀ tí kì í dá sí.

"Wọ́n á lu kí ni?" ló wí. "Ṣé àgbọn ni orí àbúrò mi ni?"

"Àǹtí Nésia, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti ṣe é."

"Ọ̀pọ̀ èèyàn náà ló ti bá òkun lọ. N ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni ní ká tẹ̀lé wọn."

Zulmira wo ọwọ́ rẹ̀ lórí tábìlì. Ife kọfí tó dì mú ń lu àwo ìsàlẹ̀ rẹ̀, kọfí sì ti ta sí aṣọ tábìlì.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ló wí, "ọdún mẹ́wàá rèé tí mo ti ń mu ìlàjì kọfí, tí aṣọ tábìlì ń mu ìlàjì tó kù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lù ú."

Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ náà, wọn kò fún un ní oògùn oorun. Ohun tí àwọn ará Sambaqui kò gbà gbọ́ títí dòní nìyẹn. Wọ́n pa awọ orí rẹ̀ kú, wọ́n fi irin de orí náà kó má bàa yí, ẹ̀rọ sì ń han nínú eegun rẹ̀ bí ọkọ̀ tó ń gun òkè, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ là sílẹ̀ kedere. Dókítà Brüning, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í gbé ohùn sókè, ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé ọpọlọ tí a fi ń mọ ìrora gbogbo ara kò mọ ìrora ti ara rẹ̀. Ó ti ní kó mú igi òwú mẹ́rin dání láti ilé. Wọ́n pa kòkòrò ara wọn, wọ́n kó wọn lé e lọ́wọ́, àwọn igi náà sì ń gbára wọn nínú àtẹ́lẹwọ́ tó ń gbọ̀n, kó-kó-kó-kó, bí eyín ẹni tí òtútù mú.

"Dona Zulmira, ẹ máa ka ọjọ́ inú ọ̀sẹ̀ fún mi," ni ohùn Dókítà wí láti ẹ̀yìn aṣọ tí wọ́n ta síwájú orí rẹ̀, ó pè é ní Dona bí a ṣe ń pe ìyáàfin.

"Ọjọ́ Ajé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọjọ́rú."

Kó tó dé Ọjọ́bọ̀, ariwo igi dáwọ́ dúró. Zulmira rò pé wọ́n ti bọ́ sílẹ̀ ni. Nítorí pé kò lè tẹ orí wò wọ́n, ó gbé ọwọ́ náà wá síwájú ojú rẹ̀.

Ọwọ́ náà dúró. Kì í ṣe pé ó dín kù. Ó dúró, bí ojú omi ṣe máa ń dúró nígbà tí afẹ́fẹ́ bá dá lójijì, tí òjìji ọkọ̀ á hàn nínú omi láìjá. Ó wò ó títí. Ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó dà bí ọwọ́ ẹlòmíràn tí wọ́n yá a. Nígbà tó yá, ó fi ìka méjì gbé igi kan kọjá lórí èkejì, ó lọ́ ọ, ó tún gbé e kọjá, òwú sì so pọ̀ ní kókó kan ṣoṣo tó gún régé. Nọ́ọ̀sì ọkùnrin kan tó dúró níbi ẹsẹ̀ ibùsùn ń sunkún sínú ìbòmú rẹ̀.

"Ta ló dì í mú?" ni Zulmira béèrè wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì.

"Iná ni, Dona Zulmira. Kò tó èyí tó ń tan gílóòbù inú fìríìjì yín."

Gbogbo àdúgbò ló wá wo ọwọ́ náà nígbà tó padà sílé. Àwọn àgbà obìnrin mú un, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń wò bóyá ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti pọ́n. Ìrọ̀rí léèsì sọ̀ kalẹ̀ lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Lóṣooṣù, Zulmira ń lọ sọ́dọ̀ Dókítà, Dókítà á fi iná kún un díẹ̀, ọwọ́ á tún dára sí i.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ní ọ̀sán Sọ́ńdè kan ní oṣù karùn-ún, Zulmira, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ jókòó ti ẹja tainha àkọ́mú ọdún náà, èyí tí wọ́n yan tòun ti ẹyin inú rẹ̀. Zulmira na ọwọ́ sí abọ́ tó wà níwájú Nésia.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi gbé g-g-g-g-g—"

Ọ̀rọ̀ há. Ó rí ọ̀rọ̀ náà níwájú rẹ̀, ó mọ̀ pé gààrí ni, ó fi gbogbo agbára tì í bí ẹni fi èjìká ti ilẹ̀kùn tó há mọ́ férémù, kò ṣí. Ojú òsì rẹ̀ pa dé fúnra rẹ̀.

Rosângela fò dìde. "Màmá! Ẹ gbé apá méjèèjì sókè! Ẹ rẹ́rìn-ín kí n rí i! Àrùn rọpárọsẹ̀ nìyí o, ẹ jẹ́ kí n pe ọkọ̀ aláìsàn!"

Ṣíbí ti bọ́ lọ́wọ́ Nésia. Ojú rẹ̀ funfun bí ẹni tí òkú kí.

"Jókòó, Rosângela. Kì í ṣe rọpárọsẹ̀. Mo mọ ẹni tó wọlé yẹn."

"Ẹni wo?"

"Kólòlò ìyá rẹ ni. Kólòlò tó ń kó nígbà tó wà ní kékeré. Ibi tó máa ń há sí nìyẹn, ojú tó máa ń pa dé nìyẹn. Mo ti rò pé a ti sin ín."

Rosângela wo ìyá rẹ̀. Ogójì ọdún ló ti wà láyé, kò sì gbọ́ ọ rí pé ìyá òun, ẹlẹ́nu bí odò, ti fìgbà kan jẹ́ akólòlò. Zulmira tẹjú mọ́ abọ́ gààrí. Òun náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé. Àwọn ọmọ ilé ìwé máa ń pè é ní Gàgàgà. Bàbá rẹ̀ ń fi ṣíbí onígi gbá a lórí, torí wọ́n ní ìyẹn ló ń tú ahọ́n. Nésia ní tirẹ̀ gbọ́ pé ẹni tó bá mu omi nínú agogo kì í kólòlò mọ́, ló bá jí agogo kékeré tí wọ́n ń lù nídìí pẹpẹ, ó ń bu omi sínú rẹ̀ fún àbúrò rẹ̀ lẹ́yìn ilé ní gbogbo ọ̀sẹ̀ kan, títí àlùfáà fi rí i. Yálà agogo ni o, yálà ọjọ́ orí ni o, nígbà tí Zulmira pé ọmọ ọdún mọ́kànlá, kólòlò lọ. Nésia kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé kì í ṣe agogo.

"Wọ́n nà mí nítorí agogo yẹn," ló ń ráhùn báyìí, ẹkún sì wà lójú rẹ̀. "Ẹgba mẹ́fà ni mo jẹ. Ṣé wàyí náà ni kólòlò ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ sọ fún mi pé agogo náà kò ṣiṣẹ́?"

Kò pẹ́ tí kólòlò náà fi tẹ́ ẹní rẹ̀ sílẹ̀ pátápátá. Lọ́jọ́ kan níbi tí wọ́n ti ń ra ẹja, Zulmira fẹ́ béèrè iye tainha tó kù, ọ̀rọ̀ sì há mọ́ ọn lẹ́nu. Valdecir tó ń ta ẹja, tí Zulmira ti fi ọ̀rọ̀ tẹ́ níwájú èrò láìmọye ìgbà, rí àyè gbẹ̀san.

"Dona Zulmira, ṣé ẹ̀rọ orí yín ló ti há ni? Ẹ jẹ́ ká gbá a lẹ́yìn díẹ̀ bí a ṣe ń gbá rédíò!"

Èrò bú sẹ́rìn-ín. Láàárín wọn, Zulmira rí àwọn tó ti wá di ọwọ́ rẹ̀ mú lóṣù mélòó sẹ́yìn. Ó yí padà láìra ẹja, ó sì pa ẹnu dé láti ọjọ́ náà. Léèsì ń jáde lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ bí kò ṣe jáde rí, ewé, ẹyẹ, ìràwọ̀, gbogbo rẹ̀ mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò jáde. Bí Rosângela bá pè é lórí fóònù, á gbé e, á mí sínú rẹ̀, á sì fi ìka lu ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀ kí ọmọ lè gbọ́ pé òun wà láàyè.

Nésia fara da á fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ní ọjọ́ Sátidé kẹrin ó wọlé wá, ó gbé ìrọ̀rí léèsì àbúrò rẹ̀ kọ́ apá.

"Dìde. À ń lọ bá àwọn obìnrin."

Zulmira mirí.

"Gbọ́, bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Ṣùgbọ́n ẹni tó pa ẹnu dé, kò ní pe baba, kò ní pe ìyá. Dìde kí n tó gbé ìwọ náà kọ́ apá."

Ilé àtijọ́ kan wà ní etí omi níbi tí àwọn obìnrin ti ń pàdé láti hun léèsì. Àwọn mẹ́jọ ló jókòó yípo lọ́jọ́ náà, igi òwú ń dún lọ́wọ́ wọn bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù. Wọ́n kí Zulmira, wọn ò sì bi í ní ìbéèrè kankan. Ó dájú pé Nésia ti kìlọ̀ fún wọn. Nígbà tó ṣe díẹ̀, Dorvalina, tó dàgbà jù wọ́n lọ, gbé orin tí àwọn obìnrin ibẹ̀ máa ń kọ nídìí léèsì. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ní láti fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún un bó bá kàn án, àwọn tó kù á sì gbè. Ó yí ká. Ó kan Nésia, ó fi bú ọkọ rẹ̀ tó ń sùn nílé. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbè é. Ó kan Zulmira.

Ó fẹ́ mirí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ń lọ, igi ń dún, ohùn orin sì ti dé ọ̀fun rẹ̀ kó tó ronú:

"Òkun lọ, òkun bọ̀,
ó fọwọ́ kàn mí lẹ́sẹ̀;
ẹni tó lọ tí kò bọ̀,
òkun ló mọ ibi ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀."

Kò sí ẹni tó gbè é. Igi òwú gbogbo ti dákẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kúrò lẹ́nu rẹ̀ gbọọrọ, ó mọ́, kò kọsẹ̀ níbì kankan. Zulmira fúnra rẹ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu bí ẹni tó gbọ́ tí ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ láti inú rẹ̀.

"Tún un kọ," ni Nésia wí.

Ó tún un kọ. Ó tún jáde.

"Ó dáa, sọ ọ́ wàyí. Má kọ ọ́, sọ ọ́."

"Ò-ò-ò-ò—" Ojú òsì pa dé.

"Ìyá Olúwa!" Dorvalina ṣe àmì àgbélébùú. "Ẹnu kan náà! Ahọ́n kan náà! Zulmira, ó yá, fi orin sọ ohun tí wàá jẹ."

Zulmira mú ohùn orin náà, ó sì fi kọ ọ́ pé òun ń fẹ́ kọfí tó gbóná, kí wọ́n má sì fún òun ní àkàrà òyìnbó àná tí Dorvalina gbé pamọ́. Ilé rú. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ẹ̀rín náà, olúkúlùkù ń wo orí Zulmira láti ẹ̀gbẹ́, bí ẹni ń wo ilé tó rò pé yàrá kan ló ní, tí fèrèsé mìíràn sì ṣí lójijì.

Nésia bá a lọ sọ́dọ̀ Dókítà Brüning lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Rosângela ló kó wọn lọ. Dókítà gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìjá wọn lẹ́nu, ó wá béèrè bóyá Dona Zulmira ti kólòlò rí nígbà kan.

"Bẹ́ẹ̀ ni, ó—" ni Rosângela bẹ̀rẹ̀.

"Mo jẹ ẹgba mẹ́fà lórí ẹ̀," ni Nésia wí.

Dókítà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fa àga rẹ̀ súnmọ́ wọn. Ó gbé ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan lé itan, ó fi èkejì tó dà bí ọṣẹ ìfọṣọ lé àyà Zulmira lórí ibi tí bátìrì wà.

"Ẹ na ọwọ́ síta. Ẹ máa bá mi sọ̀rọ̀, ohun tó bá wù yín."

"Mo f-f-f-f-fẹ́ kí—"

Dókítà fi ìka kan fa ohun kan sísàlẹ̀ lójú ẹ̀rọ náà. Ìka ọwọ́ Zulmira bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Àtàǹpàkò ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà gbogbo ọwọ́. "Mo fẹ́ kí," ni Zulmira wí, "mo fẹ́ kí Valdecir mọ̀ pé ìyá rẹ̀ ló ń—" Ó dúró. Ó ti sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ń ṣàn. Dókítà tì í padà sókè. Ọwọ́ náà rọlẹ̀, ó dùbúlẹ̀ bí ọmọ tó sùn, ahọ́n sì so kókó. Sísàlẹ̀: ahọ́n tú, ọwọ́ jó. Sókè: ọwọ́ sùn, ahọ́n há. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n ṣe é. Nésia ti di apá àga mú. Ó ń wo ìka Dókítà tó ń rìn lójú gíláàsì, ó ń wo àbúrò rẹ̀ tó ń di ẹni kan tó tún ń di ẹnì kejì, kò sì rí ọ̀rọ̀ kankan sọ. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láyé rẹ̀.

"Dókítà," ni Zulmira béèrè nígbà tí ahọ́n rẹ̀ wà ní títú, "níbo ló wà láti ìgbà yẹn? Ọdún méjìléláàádọ́ta. Mo ti fẹ́ ọkọ, mo ti bímọ, mo ti sìnkú. Níbo ló sùn sí?"

Dókítà Brüning gbé ẹ̀rọ kúrò lórí itan rẹ̀.

"N ò mọ̀."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wáyà bọ ibẹ̀?"

"Mo mọ ibi tí mo fi wáyà sí, Dona Zulmira. N ò mọ gbogbo àwọn tó ń gbé àdúgbò náà. Àwọn mìíràn wà tí irú rẹ̀ ṣe, a sì ti kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀. Ẹlòmíràn wà tó jẹ́ pé iná yìí ló tú ahọ́n tirẹ̀. Orin ń gba ọ̀nà mìíràn, ìyẹn dá wa lójú. Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀, à ṣì ń wá a."

Wọ́n lo gbogbo àárọ̀ yẹn. Dókítà ń gbé iná láti ojú kan sí òmíràn lórí wáyà, ó ń dín in, ó ń fi kún un. Kò rí ibi tí ọwọ́ ti dúró pátápátá tí ahọ́n sì tú pátápátá. Ohun tó rí ni ibi méjì. Ní ọ̀kan, ọwọ́ lè hun léèsì, kólòlò sì wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò le bíi ti tẹ́lẹ̀. Ní èkejì, ọwọ́ ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, kò lè hun nǹkan kan, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ń ṣàn. Ó fún un ní rìmóòtù kékeré kan tó lè fi yan èyí tó bá fẹ́ fúnra rẹ̀.

Láti ìgbà náà, òwúrọ̀ ni Zulmira fi ń hun léèsì. Bí oòrùn bá ti yẹ̀ lórí, á fi aṣọ bo ìrọ̀rí, á tẹ rìmóòtù, á sì jáde lọ bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀. Ohun tó kọ́kọ́ jáde lọ ṣe lọ́sàn-án àkọ́kọ́ ni pé ó lọ bá Valdecir, ó dúró níwájú tábìlì ẹja rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá láìsinmi, ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbọ̀n mọ́ ọn lójú. Kò sẹ́ni tó ránnu mọ́ ọ̀rọ̀ rédíò mọ́.

Ṣùgbọ́n bí oṣù ṣe ń lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé láti tẹ̀ ẹ́. Ó lè wà nídìí léèsì kí ọ̀rọ̀ kàn án, á sì sọ ọ́ bó ṣe wà, kólòlò tòun ti kólòlò. Àwọn obìnrin á dúró de ọ̀rọ̀ náà títí yóò fi dé. Nígbà tí Rosângela bá pè é, ó ń gbọ́ "r-r-r-ráńpẹ́ ni mo fẹ́ b-bá ẹ sọ," á sì fi sùúrù dúró títí ìyá rẹ̀ á fi sọ ọ́ tán, èyí tí kì í sì í ṣe ráńpẹ́.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Dókítà bẹ̀ ẹ́ kó wá bá àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà sọ̀rọ̀. Ó lé ní ogójì wọn nínú yàrá ńlá kan. Zulmira jókòó níwájú, Nésia lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú àpò léèsì. Ó hun ewé kan fún wọn. Ó tẹ rìmóòtù, ó ròyìn ara rẹ̀ fún wọn, ọwọ́ ń gbọ̀n. Ó tún tẹ̀ ẹ́ padà, ó kọ orin. Ọmọbìnrin kan tó di irun rẹ̀ méjì ti dìde dúró láìmọ̀ pé òun dìde.

"Dona Zulmira, ẹ má bínú," ló wí. "Èwo gan-an ni ẹ̀yin?"

Ọwọ́ Zulmira wà lórí itan rẹ̀, kò gbọ̀n. Ó lè tẹ rìmóòtù kó tó dáhùn. Kò tẹ̀ ẹ́.

"Gb-gb-gb-gb—" Ogójì èèyàn dúró dè é. "Gbogbo wọn. Gbogbo wọn la j-jọ jẹ búrẹ́dì láàárọ̀ yìí."

Wọ́n wọ bọ́ọ̀sì ọ̀sán padà sí Sambaqui. Nésia ti sùn kí ọkọ̀ tó kúrò ní ìlú. Ọkọ̀ kún. Zulmira jókòó lẹ́yìn, ó sì ń wo orí àwọn èrò tó wà níwájú rẹ̀: orí ọlọ́pàá kan tó ń tòògbé, orí ìyá kan tó ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀, orí ọkùnrin kan tó pá kodoro. Ó ń wò wọ́n bí ìgbà téèyàn bá ń wo ojú òkun tí kò sì mọ bó ṣe jìn tó.

Nésia lajú. "Kí lò ń wò bẹ́ẹ̀?"

"Orí àwọn è-è-èèyàn."

"Kí ló ṣe wọ́n?"

"Àwọn tó ń gbé inú wọn p-pọ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

Nésia wo orí tí àbúrò rẹ̀ ń wò, ó wò ó pẹ́. Ó fi ọwọ́ kan tirẹ̀ náà, ní ẹ̀yìn etí, díẹ̀díẹ̀.

"Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí n pàdé àwọn tó wà nínú tèmi," ló wí, ó sì tún gbé orí lé èjìká àbúrò rẹ̀, ó sùn.